Ẹjọ́ àwọn ará Downton

Orúkọ ni àwọn ọ̀gá mi ní kí n máa pe ìyá àgbà náà. Orúkọ àbísọ, láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 89 nígbà náà, èmi ò sì tíì ju ọgbọ̀n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Reading: arúgbó, òṣìṣẹ́, ọ̀gá, orúkọ ni kálukú ń pe ẹnì kejì, wọ́n ní ìyẹn ló ń mú ọ̀yàyà wá. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ìgbà tí mo bú wọn. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń pè wọ́n ní "Ma", wọ́n sì rò pé bí wọ́n ṣe ń kí Ọbabìnrin Elizabeth ni mo fi ń kí àwọn. Inú wọn dùn. Èmi náà ò wá àlàyé ṣe.

Ìyá àgbà yìí ló fà mí wọnú Downton Abbey, eré orí tẹlifíṣọ̀n àwọn òyìnbó. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ Àìkú, 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV kọ́kọ́ gbé e jáde. Mo fẹ́ mú wọn lọ sùn, wọ́n ní àwọn ò lọ. Wọ́n nawọ́ sí ilé gogoro tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní irú ilé tí ìyá àwọn ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún 14 ni ìyá náà nígbà tí wọ́n fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sì máa ń sọ jù nípa àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni pé wọn ò jẹ oúnjẹ gbígbóná rí láyé wọn, nítorí pé ilé ìdáná jìnnà sí yàrá ìjẹun ju bí oúnjẹ ṣe lè gbóná dé lọ.

Mo jókòó kí n lè gbé wọn lọ bó bá parí. Ọdún márùn-ún ó lé oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó.

Fún ẹni tí kò bá wò ó: oṣù Kẹrin ọdún 1912 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Wáyà dé ilé olóyè kan, Earl ti Grantham, ní Yorkshire pé ọkọ̀ Titanic ti rì, àti pé àwọn ìbátan méjì tí ogún ilé náà tọ́ sí ti bá a lọ. Earl Robert bí ọmọ mẹ́ta, Mary, Edith àti Sybil, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Òfin tí wọ́n fi de ogún náà kò jẹ́ kí obìnrin jẹ oyè tàbí kó gba ilé àti ilẹ̀. Owó tí Cora ìyàwó Earl kó wá láti Amẹ́ríkà pàápàá ti wọnú ìdè yẹn. Ẹni tó wá kù láti jogún ni Matthew, lọ́yà kan ní Manchester tí wọn ò fojú rí rí.

Mo máa ń sọ ọ́ fún Màámi n'Ìbàdàn lórí fóònù bí ẹni ń pa àlọ́. Ibi ogún yẹn ni wọ́n ti dá mi dúró.

"Àwọn mẹ́ta yẹn, ṣé wọn kì í ṣe ọmọ ni?"

Mo ní ọmọ ni wọ́n, obìnrin tí wọ́n jẹ́ ni kò jẹ́.

"Ta ló wá ń bá wọn pín in? Wọn ò mọ idí-igi? Wọn ò mọ orí-ò-jorí?"

Orí-ò-jorí la fi pín ogún bàbá mi: ọmọ méje, ọ̀nà méje, mo sì gba ìpín tèmi nínú ilẹ̀ bí àwọn ọkùnrin ṣe gba tiwọn. Lójú Màámi, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀, òyìnbó ni kò mọ ogún pín. Nígbà tí mo tún pè lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n bi mí bóyá wọ́n ti pe mọ̀lẹ́bí jọ.

Ẹjọ́ ogún kọ́ làwa ń rò níbi iṣẹ́. Mary àti Edith là ń bá jà. Arábìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kumasi ni, àkọ́bí ọmọ mẹ́fà, òun ló ń san owó iléèwé àwọn àbúrò rẹ̀. Ti Mary ló ń ṣe. Ọmọ àárín lèmi: wọ́n bí arẹwà ṣíwájú mi, wọ́n bí àyànfẹ́ gbogbo ilé tẹ̀ lé mi. Ta ni ẹ rò pé mo máa gbè? Edith ló fẹ́ràn Patrick tó bá Titanic lọ, Mary ni wọ́n sì fẹ́ fi fún Patrick. Mary ò sunkún. Edith sunkún, Mary sì fojú kéré ẹkún rẹ̀. Láti alẹ́ yẹn ni mo ti di lọ́yà Edith, láìgba kọ́bọ̀.

Ẹjọ́ náà le o. Àlejò kan láti Tọ́kì, Kemal Pamuk, kú sórí bẹ́ẹ̀dì Mary lóru. Mary, ìyá rẹ̀ àti Anna ọmọ ọ̀dọ̀ gbé òkú náà padà sí yàrá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Edith tẹ́ Daisy, ọmọbìnrin ilé ìdáná, nínú, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Tọ́kì ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹ̀gbọ́n tirẹ̀! Mary náà dúró dè é. Lọ́jọ́ tí Sir Anthony Strallan fẹ́ dẹnu ìgbéyàwó kọ Edith, Mary dọ́gbọ́n sọ̀rọ̀ kan tó mú kí bàbá náà rò pé Edith ń fi òun ṣẹ̀sín ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ Kumasi á ní, "Ta ló kọ́kọ́ kọ lẹ́tà?" Èmi á ní, "Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín?" A máa ń jà á níbi tí a ti ń ká aṣọ, a máa ń jà á níbi tí a ti ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Alẹ́ ọjọ́ tí a sọ ọmọ mi lórúkọ ni Strallan fi Edith sílẹ̀ níwájú pẹpẹ nínú aṣọ ìyàwó. Àlejò ṣì wà nílé, mo wọ yàrá lọ, mo pe ọmọ Kumasi lórí fóònù, mo ní, "Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí?" Bí ẹni pé òun ló lé ọkọ lọ.

O'Brien ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ ojú tí ìyá àgbà fi ń wo eré náà. Òun ló ń wọṣọ fún Cora. Ní ìparí apá kìíní, ó gbọ́ pé wọ́n ń wá ìránṣẹ́bìnrin tuntun, ó gbà pé wọ́n fẹ́ lé òun ni. Kò mọ̀ pé Violet, ìyá Earl, ni wọ́n ń wá a fún. Ó fi ọṣẹ sílẹ̀ síbi tí Cora máa gbé ẹsẹ̀ lé bó bá ń jáde nínú omi ìwẹ̀. Ó dé iwájú dígí, ó rí ojú ara rẹ̀, ó sáré padà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Cora ti ṣubú, oyún ti bàjẹ́, ọkùnrin sì ni oyún náà, àrólé tí gbogbo ilé ń wá.

Yàrá ìgbafẹ́ wa dà rú. Bàbá arúgbó kan ní kí wọ́n yẹgi fún un. Ìyá àgbà sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Character". Mo rò pé oorun ló ń kùn wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń pe ìwé tí ọ̀gá máa ń kọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn láyé ìgbà náà: ìwà rẹ, tí ẹlòmíràn kọ sórí bébà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò bá ní in lọ́wọ́, kò sí ilé ọlọ́lá tó máa gbà á wọlé. Síbí fàdákà kan sọnù nílé tí ìyá wọn ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Wọn ò bá síbí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lé e, wọn ò sì kọ ìwé fún un. Ọdún méjì ló fi ń fọṣọ àfọgbowó láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá àgbà ò sọ pé ohun tí O'Brien ṣe dára o. Wọ́n kàn ní àwọn mọ ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àwọn gbé ẹ̀rù yẹn kiri títí tó fi kú. Èmi náà, tí ìwé ìgbélùú mi so mọ́ ẹni tó gbà mí síṣẹ́, kò yá mi lára láti bá wọn pariwo mọ́.

Ẹni tí kò sẹ́ni tó bínú sí ni Violet. Maggie Smith tó ṣe é jáde láyé lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n sì kẹ́dùn Violet mọ́ ọn. Ẹ wá bá mi ka ohun tí Violet ṣe: ó gbè sẹ́yìn àṣírí Pamuk, ó fẹ́ràn láti máa darí ìgbéyàwó ọlọ́mọ, ó fi Isobel ìyá Matthew ṣe àwàdà jẹ lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ Edith ló ṣe ìdajì rẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn. Alẹ́ tó béèrè ohun tí òpin ọ̀sẹ̀ ń jẹ́, nítorí pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ò lè mọ̀, àwọn arúgbó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ọmọ Kumasi wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀. Àwa méjèèjì tá a ń gba iṣẹ́ Sátidé mọ́ ti Àìkú, àwa náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 ni Màámi wá bá mi tọ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n, wọ́n ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 35 kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n fi omi gbígbóná wẹ èmi náà, wọ́n sì wá fojú ara wọn rí àwọn tí mo ti ń sọ ìtàn wọn láti ọdún méjì. Carson ló kọ́kọ́ bí wọn nínú, olórí àwọn ìránṣẹ́, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun. "Bàbá tó tó bàbá yẹn! Ọmọ yẹn kàn ń pè é lórúkọ, Carson, Carson!" Mo ṣàlàyé pé Carson fẹ́ràn Mary bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, pé báyìí ni àwọn ọ̀gá ṣe ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé nísàlẹ̀ "Mr Carson" ni. Kò tà létí wọn. Ìgbà tí wọ́n wá ṣàkíyèsí pé "Mrs" ni gbogbo ará ìsàlẹ̀ ń pe Hughes tó ń bójú tó ilé àti Patmore tó ń dáná, tí àwọn méjèèjì ò sì lọ́kọ, ara wọn balẹ̀ díẹ̀. "Ìsàlẹ̀ mọ àgbà. Òkè ni kò mọ̀."

Nínú oṣù Kẹwàá ni Sybil rọbí. Òun ni àbíkẹ́yìn, òun ló kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà ogun, òun ló fẹ́ Tom Branson, ọmọ Ireland tó ń wa mọ́tò bàbá rẹ̀. N ò tíì pàdé ẹni tó kórìíra Sybil. Dókítà méjì ló wà nílé lálẹ́ náà. Clarkson, dókítà àdúgbò, ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ ò sì dára, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí àwọn fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà. Sir Philip Tapsell, tí Earl ránṣẹ́ pè, ní ara rẹ̀ le koko. Earl gbè sẹ́yìn Tapsell.

Màámi ti dìde lórí àga kí Clarkson tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ gbé e! Ẹ gbé e báyìí!" Ọmọ ta jí.

Wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin, ó ké dáadáa. Gbogbo ilé lọ sùn. Lóru ni gìrì aboyún mú Sybil, ó sì kú lójú ọkọ, lójú ìyá, lójú bàbá, lójú dókítà méjèèjì tí wọn ò rí nǹkan kan ṣe. N ò rántí bóyá mo sunkún. Ohun tí mo rántí ni pé Màámi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, wọ́n kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n ń wò ó bóyá ojú ibẹ̀ á kún padà. Wọ́n tẹ èkejì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi pé ogójì ọjọ́.

Mo rò pé Tapsell ni wọ́n máa bú. Earl ni wọ́n bú. "Dókítà lè ṣì í, èmi náà ti ṣì í rí. Bàbá kì í gbé oyè sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀mí ọmọ."

Lọ́sẹ̀ kejì, Cora ò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sún mọ́ òun. Violet bá lọ bẹ Clarkson pé kó sọ fún àwọn méjèèjì pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, agbára káká ni Sybil ì bá fi yè é. Clarkson sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún. Inú bí mi, mo ní irọ́ ni wọ́n pa fún obìnrin yẹn. Màámi ń fi òróró pa ọmọ lára.

"Èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí."

Mo dákẹ́.

"Ọkọ ni kò tètè gbé e wá. Ó ń bi mí pé bó bá ṣe pé àárọ̀ làwọn ti dé ńkọ́. Mo ní ìkan náà ni." Wọ́n yí ọmọ dojú dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀yìn rẹ̀.

Matthew, tó ti fẹ́ Mary nígbà yẹn, kú lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún náà gan-an. Ó lọ wo ọmọ rẹ̀ tuntun, ó ń wa mọ́tò bọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀, ọkọ̀ gbókìtì, eré parí. Kí gbogbo ilẹ̀ Britain ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tòlótòló tán! Inú bí àwọn ènìyàn gidigidi. Dan Stevens tó ṣe Matthew ló fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Màámi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀: "Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Kí ni ti ikú?" Wọ́n padà s'Ìbàdàn lóṣù Kìíní, wọ́n sì ń bínú sí Julian Fellowes tó kọ ọ́ lọ.

Ọdún 2013, ọkùnrin ìránṣẹ́ kan tó bá àlejò wá fipá bá Anna lò pọ̀ nísàlẹ̀, nígbà tí gbogbo ilé wà lókè tí wọ́n ń gbọ́ orin olórin ńlá kan. Àwọn òǹwòran kọ̀wé ẹ̀sùn sí Ofcom, àjọ tó ń mójú tó tẹlifíṣọ̀n, àwọn ìwé ìròyìn gbé e kiri fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ní irú rẹ̀ ò yẹ kó wọnú eré alẹ́ Àìkú. Mo na ọwọ́ sí rìmóòtù. Ìyá àgbà ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn kì í sùn láìfi àga ti ilẹ̀kùn láti inú, kódà nígbà tó ti di ìyá ìyá nínú ilé ara rẹ̀.

Thomas Barrow, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ ilé náà, ńkọ́? Kò sí iṣẹ́ ibi tí kò ṣe: ó jí wáìnì, ó parọ́ mọ́ Bates tó ń wọṣọ fún Earl, ó fúngun mọ́ àwọn kéékèèké. Ọkùnrin ló ń fẹ́, lábẹ́ òfin tó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, òfin tí England ò bẹ̀rẹ̀ sí í tú títí di ọdún 1967. Nígbà tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ní ọdún 2015, bàbá tó ní kí wọ́n yẹgi fún O'Brien yẹn ni kò jẹ́ ká pa tẹlifíṣọ̀n títí tó fi dá a lójú pé wọ́n bá a láàyè.

Ọdún yẹn náà ni ìyá àgbà gba ẹjọ́ Edith lọ́wọ́ mi. Edith ti bí ọmọ, Marigold, láìṣègbéyàwó. Bàbá ọmọ ti kú ní Jámánì. Ó gbé ọmọ náà fún àgbẹ̀ kan lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Drewe, pé kó bá òun tọ́ ọ. Ìyàwó Drewe ò mọ ọmọ ta ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí tirẹ̀. Ìgbà tí ara Edith ò gbà á mọ́, ó lọ gba ọmọ rẹ̀, ojú mi sì kún fún omijé ayọ̀. Ìyàwó Drewe ò mọ́kàn kúrò. Ó jí ọmọ náà gbé lọ́jọ́ ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn, wọ́n rí i, ọ̀rọ̀ náà sì dórí pé kí ìdílé Drewe fi oko sílẹ̀ kí wọ́n kó lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni eré náà fi sọ ọ́. Mo ti ń ronú nípa ẹni tó máa fẹ́ Edith.

Ó rí ọkọ o. Kérésìmesì ọdún 2015, ìpín ìkẹyìn: Mary ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sọ àṣírí Marigold lójú Bertie Pelham, Bertie lọ, Mary tún fúnra rẹ̀ ṣètò bí wọ́n ṣe pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì Ritz tí wọ́n fi parí ìjà. Edith di ìyàwó Marquess, ó ju gbogbo wọn lọ nípò. Mo jó nínú yàrá ìgbafẹ́. Ọmọ Kumasi ń pariwo lé mi lórí pé, "Ta ló ṣètò rẹ̀? Mary ni! Mary!" A di mọ́ra.

Ìyá àgbà ti pé 94 nígbà náà, etí wọn ti ń wúwo. Wọ́n fà mí láṣọ.

"Ìyàwó àgbẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n pè é síbi ìgbéyàwó?"

Mo ní rárá, Ma.

"Mo ń wá a láàárín èrò ni."

N ò lè jó mọ́. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ Mary lórí ìka, n ò ka obìnrin yẹn sí ẹnì kan rí. Ẹni tó gba ọmọ ẹlẹ́jọ́ mi tọ́, tí wọ́n sọ di aláìnílé.

Nígbà tí ojú ọjọ́ dára lọ́dún 2016, mo mú ọmọ mi lọ wo Highclere, ilé tí wọ́n ti ya eré náà, kò jìnnà sí Newbury. Ilé Earl ti Carnarvon ni. Charles Barry tó ya àwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà létí odò Thames ló ya àwòrán tirẹ̀ náà. Mo rí yàrá ìjẹun, mo rí àtẹ̀gùn tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Mo wá ọ̀nà ìsàlẹ̀, kí n lè sọ bí ilé ìdáná ṣe rí fún ìyá àgbà. Àwọn nǹkan ilẹ̀ Íjíbítì ni mo bá níbẹ̀, nítorí Earl karùn-ún ló náwó sí iṣẹ́ Howard Carter tó wú ibojì Tutankhamun jáde lọ́dún 1922. Ilé ìdáná Mrs Patmore ò sí níbẹ̀ rárá. Sítúdíò kan ní Ealing, ní Lọ́ńdọ̀n, ni wọ́n kọ́ ọ sí, òun àti yàrá ìjẹun àwọn ọmọ ọ̀dọ̀.

Mo ra aṣọ ìnuwọ́ kan fún ìyá àgbà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ fèrèsé ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ilé ìdáná ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní bí ìránṣẹ́ bá gbé àwo jáde ní ilé ìdáná, Ealing ló wà. Bó bá wọ yàrá ìjẹun, ó ti dé Hampshire.

Wọ́n ronú sí i.

"Àádọ́ta máìlì?"

Mo ní ó máa tó bẹ́ẹ̀, Ma.

Ẹ̀rín mú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi gbá wọn mú kí wọ́n má baà yọ̀ lórí àga. Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tuntun náà, wọ́n ní kí n lọ po tíì wá, kí n sì má dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà.